Ohùn Apolówó-Ọjà: Láti Ìta Gbangba dé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Kí Ìwé Ìròhìn tó jáde ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, àti kí àwọn UAC tó dá ilé-iṣẹ́ West African Publicity sílẹ̀, ni ìpolówó ọjà ti jẹ́ iṣẹ́ àti ewì láàrin àwọn Yorùbá. Obìnrin tí ó gbé mọ́ínmọ́ín lérí ní kùtùkùtù ni ó ni ọjà, òun ni akéwì, òun náà ni ó ń ké e kiri. Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ó ń fi orúkọ ọjà bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ọjà náà yóò ṣe fún ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ ni ó máa ń sọ. Ohùn rẹ̀ a sì máa lọ sókè sódò, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó wà nínú iyàrá yóò ti mọ ẹni tí ń bọ̀ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó yé e.

Ilé-iṣẹ́ apolówó-ọjà òde òní ti pín iṣẹ́ yìí sí wẹ́wẹ́. Ẹnì kan ni ó ni ọjà, ẹlòmíràn ń wá ọ̀rọ̀, ẹlòmíràn ń ya àwòrán. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, wọ́n tún fi ẹni tí yóò máa ka iye ènìyàn tí ó fi ọwọ́ tẹ ìpolówó náà kún un. Ìpolówó kan lè jáde ní oríṣi mẹ́wàá lórí Facebook tàbí Google. Èyí tí àwọn ènìyàn bá tẹ̀ jù ni wọn yóò fi owó tì lẹ́yìn, wọn a sì pa ìyókù tì. Àwọn onílé-iṣẹ́ wọ̀nyí ní àwíjàre: ẹni tí ó san owó fẹ́ mọ ohun tí owó rẹ̀ mú wá, àti pé onímọ́ínmọ́ín pàápàá a máa yí ohùn padà ní àdúgbò tí ọjà kò bá tà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òun ń rí ojú ẹni tí ó kọ̀ tí kò rà. Ẹ̀rọ ń ka ìka tí ó tẹ nǹkan. Kì í ka ojú tí ó fàro.

Ní àsìkò Ọdún Àjíǹde ní oṣù kẹrin ọdún 2022, Sterling Bank gbé ìkíni kan jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú èyí tí wọ́n ti fi àjíǹde Jésù wé búrẹ́dì Agége. Ẹgbẹ́ àwọn Krìstẹ́nì ní Nàìjíríà fi ẹ̀hónú hàn, ilé ìfowópamọ́ náà sì tọrọ àforíjì. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Búburú ní í yọ ọfà lápó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pe èyí ní àìbọ̀wọ̀ fún ẹ̀sìn, wọn kò sì jayò pa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ojú lámèyítọ́ wò ó yóò rí àbùkù mìíràn. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni wọ́n ń lò fún òkú tí ó jí àti ìyẹ̀fun tí ó wú. Orí èyí ni gbogbo ẹ̀fẹ̀ náà dúró lé. Ní Yorùbá, ìyẹ̀fun a máa wú, òkú a máa jí dìde. Àwọn méjèèjì kò pàdé lọ́nà rí. Ẹni tí ó mú búrẹ́dì Agége, oúnjẹ tí orúkọ ìlú Yorùbá wà lára rẹ̀, tí kò sì bi èdè ìlú náà léèrè, orúkọ nìkan ni ó mú, ó fi ohùn sílẹ̀.

Ìjọba àpapọ̀ kò dákẹ́. Òfin tí wọ́n ṣe ní Àbújá ní ọdún 2022 fi ARCON rọ́pò APCON, èyí tí òfin ọdún 1988 dá sílẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa yẹ ìpolówó wò, ti orí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, kí ó tó jáde. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ARCON pe Meta, tí ó ni Facebook, lẹ́jọ́ ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá, ó sì ń béèrè bílíọ̀nù 30 náírà nítorí ìpolówó tí wọn kò yẹ̀ wò. Ní ọdún 2024, ó bu ìtanràn mílíọ̀nù 37.5 dọ́là lé e. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni wọ́n sì ti fi òfin de lílo ojú àti ohùn àwọn àjèjì nínú ìpolówó tí ó dojú kọ àwọn ará Nàìjíríà.

Ohun rere ni: owó ohùn padà wálé. Ṣùgbọ́n ọ̀fun ọmọ Nàìjíríà lè gbé èrò tí kì í ṣe ti ilé jáde. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, wọn a kọ Gẹ̀ẹ́sì parí kí wọ́n tó wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀, Yorùbá a sì ní láti há ara rẹ̀ sínú ìwọ̀n àkókò tí Gẹ̀ẹ́sì ti gbà. Ibẹ̀ ni irú gbólóhùn bí “fún ìgbé ayé tí ó dára jù” ti ń wá. Ó dára ju èwo lọ? Gẹ̀ẹ́sì lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Etí Yorùbá ń retí ìyókù. Bí wọ́n bá tún fi orin sí i, ohùn orin àjèjì a tẹ ohùn ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ọkọ́ a sì di ọkọ̀.

Ní Àbújá kan náà, ẹni tí ó bá dé ọjà Wúsé yóò rí iṣẹ́ yìí ní ọ̀nà mìíràn. Hausa, Gbagyi, Ìgbò, Tiv àti Yorùbá ni ó ń kọjá níwájú òǹtajà kan ṣoṣo. Èyí tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í túmọ̀. Ńṣe ni ó ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Àwàdà tí ó bá Ìjẹ̀ṣà dá, kì í gbé e dé ọ̀dọ̀ Hausa. Irú àwọn òǹtajà bẹ́ẹ̀ ti ń gba ohùn ara wọn sílẹ̀ lórí fóònù nísinsìnyí, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà wọn lórí WhatsApp. Kò sí òǹtumọ̀ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń ka ìka. Bí oníbàárà bá fàro, yóò fèsì.