Ìjánu fún Olè Kékeré

Nílé wa, òkúta tọ́ọ̀ṣì kì í tètè kú. Bí iná rẹ̀ bá ti ń pọ́n bí ojú ẹni tí kò sun oorun tó, màámi á tò ó sórí páànù kó lè yá oòrùn. Tó bá dalẹ́, á tún tàn díẹ̀, bí arúgbó tó rọra dìde kí àlejò kó tó padà sùn. Mo ti di ẹni tó ń tún rédíò ṣe kí n tó fi mítà wo irú òkúta bẹ́ẹ̀. Ó ṣì ní nǹkan bíi fóòtì 1. Kò tíì kú. Iṣẹ́ tí a gbé lé e lórí ló ju agbára rẹ̀ lọ.

Gílóòbù LED funfun kì í dá ẹni tó ní fóòtì 1 lóhùn. Nǹkan bíi 3 ló ń béèrè. Nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ mi, ẹ̀rọ kékeré tó ń bá àwọn méjèèjì làjà ni mo fẹ́ràn jù. Lọ́dún 1999, Z. Kaparnik gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn Everyday Practical Electronics nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Clive Mitchell ló wá sọ ọ́ ní Joule thief, ìyẹn olè tó ń jí Joule. Joule la fi ń wọn agbára, olè yìí sì ń kó èyí tó ṣẹ́ kù nínú òkúta tí onílé ti fẹ́ jù sí ààtàn.

Gbogbo ohun èlò rẹ̀ kò kún àtẹ́lẹwọ́. Inú gílóòbù energy saver tó ti bàjẹ́ ni mo ti máa ń yọ òrùka ferrite dúdú. Màá lọ́ wáyà bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì pọ̀, màá ká wọn mọ́ òrùka náà ní ìgbà ogún, màá wá so ìparí ọ̀kan mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ èkejì. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọṣẹ́ ti máa ń ṣì í: bí wọ́n bá so ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ìbẹ̀rẹ̀, iná ò ní í tàn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó wá ku transistor kan, C945 tàbí S8050, àti resistor 1k.

Transistor á ṣílẹ̀kùn, iná á wọ inú wáyà, òrùka á gbà á pamọ́. Lójijì, ìlẹ̀kùn á tì. Iná tó ti ń sáré bọ̀ kò ní í gbà kí wọ́n dá òun dúró. Fóòtì rẹ̀ á máa gòkè títí á fi rí ibi gbà jáde. LED ni ibi náà. Èyí ń ṣẹlẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú wa sì rò pé iná náà dúró sójú kan.

Ọmọdé lè ṣe èyí. Ohun tó sọ mí di ọ̀gá nínú rẹ̀ ni rédíò màámi tí mo bà jẹ́. Mo yọ LED kúrò, mo fi diode 1N5819 àti capacitor sí i kí fóòtì rẹ̀ lè dúró jẹ́ẹ́, kí n lè fi tan rédíò kékeré náà. Oníbàárà kan pè mí síta. Nígbà tí mo fi padà dé, mo so rédíò mọ́ ọn. Ó dún “tá” lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Mo fi mítà wo ẹ̀rọ náà lẹ́yìn tí mo yọ rédíò: ó ń gùn lọ, ó ti kọjá 20. Kò sí ibi tí iná lè gbà jáde, ló bá ń gòkè.

Mo kọ́kọ́ rò pé fólíọ́ọ̀mù ni oògùn rẹ̀. Mo fi ti 10k kún resistor 1k, mo sì lè mú kí LED ṣú tàbí kó mọ́lẹ̀ bó ṣe wù mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti yọ ẹrù, fóòtì á tún gùn. Fólíọ́ọ̀mù kàn ń dín oúnjẹ olè kù ni. Kò kọ́ ọ bí a ṣe ń yó.

Ẹni tó kọ́ ọ ni transistor kejì àti Zener 4.7. Mo fi Zener ṣọ́ ẹnu ibi tí iná ti ń jáde. Bí fóòtì bá ti súnmọ́ 5.3, Zener á ta transistor kejì lólobó, òun náà á sì fa ẹsẹ̀ base ti àkọ́kọ́ wálẹ̀. Olè á jókòó. Bí fóòtì bá rẹlẹ̀ díẹ̀, wọ́n á tú u sílẹ̀. Ìjánu nìyẹn. Kò sì sọ òkúta di ọlọ́rọ̀ o: ẹni tó gba miliámù 100 ní fóòtì 1 kò lè san ju 20 lọ ní fóòtì 5, kò tilẹ̀ ní í pé bẹ́ẹ̀.

Mo tún rédíò màámi ṣe. N kò fi ẹ̀rọ mi tan án mọ́, nítorí ariwo olè náà máa ń wọ inú AM. Ariwo yẹn gan-an ni mo wá ń lò báyìí. Màá gbé rédíò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fìtílà LED oníjàánu tí mo ṣe fún màámi, màá dẹtí: á dún kíún, á dákẹ́, á tún dún kíún. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni ìgbà tó yó. Bí òkúta bá ṣe ń rẹ̀ sí i ni ìdákẹ́ náà á máa kúrú.

Níjọ́ tí mi ò bá gbọ́ ìdákẹ́ kankan mọ́, mo máa ń sọ fún màámi pé òkúta yìí ti ń lọ. Wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á wo páànù. Wọ́n ò sì ní í gbé e sóòrùn mọ́.