Ìmúra Ogun àti Àbọ̀ Ogun nínú Eré World of Warcraft

Ní Adó-Èkìtì, àti ní àwọn ìlú tí ó wà nítòsí rẹ̀ bí Ìkẹ́rẹ́, Ìwòrókò àti Ìfàkì, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ sétí. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí iná mànàmáná sì wà, ọ̀dọ́ a jókòó ti kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, a fi ohun ìgbọ́rọ̀ bo etí, a sì máa bá àwọn ènìyàn tí kò rí rí pète ogun. Àwọn àgbà a ní àkókò ni ó ń fi ṣòfò. Òun náà a dáhùn pé ohun tí Fágúnwà fi dá àwọn bàbá òun lára yá ni òun ń ṣe, pé igbó irúnmalẹ̀ ni òun wà. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni ó yẹ kí a gbé yẹ̀wò. Ẹni tí ó ní òfo ni kò tíì wò ó dáradára. Ẹni tí ó sì ní Fágúnwà ni, kò tíì ka Fágúnwà dé òpin.

Eré tí ó sọ irú ogun bẹ́ẹ̀ di olókìkí jù lọ ni World of Warcraft, tí ilé-iṣẹ́ Blizzard Entertainment gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù kọkànlá ọdún 2004. Kì í ṣe eré àdáṣe. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì nínú ayé kan tí a fi àwòrán dá. Olúkúlùkù a yan ohun tí yóò jẹ́, ìbáà ṣe jagunjagun, àlùfáà, ọdẹ tàbí oṣó, yóò sì máa ti ipele kan bọ́ sí òmíràn. Ní ìgbà àkọ́kọ́ eré náà, ipele 60 ni òpin. Ẹni tí kò mọ̀ a rò pé níbẹ̀ ni eré parí. Níbẹ̀ gan-an ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà náà ni ènìyàn tó wọ inú ẹgbẹ́, tí ẹgbẹ́ sì ń kó ogójì ènìyàn jọ láti wọ ihò kan tí ń jẹ́ Molten Core, lábẹ́ òkè oníná, níbi tí Ragnaros, ọba iná, ń gbé. Ní ọdún 2019, àwọn tí ó ni eré náà tún gbé irú ti àtijọ́ jáde, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì padà sínú ihò kan náà.

Àwọn Yorùbá ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Lórí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ìgbógunlọ inú eré náà dúró. Ẹgbẹ́ tí ó bá kàn dìde tí ó sì wọ inú ihò yóò kú tán kí ó tó rìn jìnnà. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni wọ́n fi ń wá ìhámọ́ra tí iná kì í tètè ràn. Wọn a já ewé, wọn a se àgúnmu àti oúnjẹ tí ń fún ni lágbára. Àmì iná méje ni ó wà nínú ihò náà, omi kan ṣoṣo ni ó sì lè pa wọ́n, omi tí a kò lè rí gbà àfi bí a bá ti kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀mí omi bẹ̀ wá. Bí àmì méjèèje kò bá kú, ìránṣẹ́ Ragnaros kò ní jáde. Bí ìránṣẹ́ kò bá jáde, kò sí ẹni tí yóò rí ọ̀gá rẹ̀ sójú. Ìmúra kì í ṣe ohun tí ó ṣáájú ìtàn níhìn-ín. Òun ni ìdajì ìtàn.

Nígbà tí ìjà bá dé, iṣẹ́ kò rí bákan náà fún gbogbo ènìyàn. Ẹnìkan a dúró níwájú, a máa fi apata gba ìyà. Kì í ṣe òun ni yóò pa iwin náà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí iwin má ṣe wo ẹlòmíràn. Àwọn oníwòsàn a dúró lẹ́yìn, ojú wọn kò ní kúrò lára rẹ̀. Àwọn yòókù ni ń ṣá a, tí ń ta á, tí ń sọ iná lù ú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú wọn bá fi agbára hàn jù kí àkókò tó tó, iwin a fi ẹni iwájú sílẹ̀, a yíjú sí i, a sì pa á lẹ́ẹ̀kan náà. Eré náà kò sọ ọ́ ní gbólóhùn kan pé ìgbéraga kò dára. Ó sọ ọ́ di òfin ìjà, ẹni tí ó bá sì rú òfin náà ń fi ara rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 2005, àwọn òṣèré kan ṣe àwòrán kékeré kan fún ẹ̀rín, nínú èyí tí ẹgbẹ́ wọn ń pète lọ́wọ́ tí ọ̀kan tí ń jẹ́ Leeroy Jenkins fi igbe ta, tí ó sáré wọlé, tí gbogbo wọn sì kú. Gbogbo ayé ni ó rẹ́rìn-ín, nítorí pé kò sí ẹgbẹ́ tí kò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Títí dé ibí yìí, ọ̀dọ́ Adó náà jàre. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1938, àwọn tí ó bá Àkàrà-ògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó kì í ṣe ẹ̀dà ara wọn. Kàkó ni oníkùmọ̀, Ẹfòìyẹ̀ ni ọlọ́fà, Ẹlẹ́gbède-Ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko, Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ sì ní ohùn orin. Kò sí ẹ̀rí pé àwọn ará Amẹ́ríkà ka Fágúnwà. Ọ̀nà àtijọ́ ni, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń gbà pìtàn: àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Síbẹ̀ ìyàtọ̀ wà tí kò yẹ kí a fojú fò. Ẹ̀bùn mẹ́ta péré ni eré náà mọ̀ nínú ogun rẹ̀: kí a gba ìyà, kí a wo ìyà sàn, kí a fi ìyà jẹni. Kò sí àyè Olóhùn-iyọ̀ níbẹ̀, ẹni tí ń fi orin ṣe ohun tí kùmọ̀ kò lè ṣe. Ìmọ̀dòye pẹ̀lú kò ní àyè nínú ìtàn náà. Inú ẹgbẹ́ ni ó wà, níbi tí ẹni tí ó mọ ọ̀nà ti ń darí àwọn ogójì láti inú ohun ìgbọ́rọ̀.

Kò yẹ kí ará Èkìtì gba ìmúra ogun bí ohun àlá lásán. Ní ọdún 1878, lẹ́yìn tí Fábùnmi ti Òkemẹ̀sí ti pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà àti àwọn alájọṣe wọn parapọ̀, ogun tí a ń pè ní Kírìjí sì bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ. Ìgboyà kò ṣe aláìní ní ìhà méjèèjì. Ohun tí ó yí ọ̀ràn padà ni pé àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó, tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Èkìtìpàràpọ̀ sílẹ̀, fi ìbọn tí a ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sí ojú ogun, nígbà tí ìbọn ṣakabùlà ṣì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn jagunjagun ìgbà náà. Ìró ìbọn ogun náà ni a ní ó fún un ní orúkọ. Ẹgbẹ́ kan, ìhámọ́ra kan, ọ̀pọ̀ ọdún sùúrù: gbogbo rẹ̀ ni eré World of Warcraft yóò mọ̀ sí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun tí wọ́n ń jà fún. Wọ́n ń jà kí ajẹ́lẹ̀ má baà tún jókòó sí ìlú wọn. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọdún 1886, tí àwọn ọmọ ogun sì tú ibùdó ká ní ọdún 1893, ilé ni wọ́n lọ, ilé náà sì ti yàtọ̀ sí bí wọ́n ti fi í sílẹ̀.

Kí ni àwọn ogójì inú eré ń jà fún? Ìkógun ni. Bí Ragnaros bá kú, ohun díẹ̀ ni yóò já bọ́ lára rẹ̀, ogójì ènìyàn sì ni ó dúró yí i ká. Níbí ni ìdánwò ẹgbẹ́ wà. Láti inú EverQuest, eré tí ó jáde ní ọdún 1999, ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti jogún ètò kan: ẹni tí ó bá wá sí ogun a gba máàkì, ẹni tí ó bá gba ìkógun a san máàkì. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá kò ní ṣe aláìmọ ìdí rẹ̀, nítorí ẹgbẹ́ ọdẹ kò lè pẹ́ láìsí òfin pípín ẹran. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, bí ọdẹ bá pa ẹkùn, ọba ni ó ni awọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í bá a jiyàn. Nínú eré, kò sí ọba. Ẹni tí ó ti wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lè máa wo idà tí ó ń lá lálá rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó dé láná. Ìbínú, ìtẹríba, ojúsàájú, ọ̀làwọ́, gbogbo ìwà tí ń sọ ìtàn di ìtàn ni ó ń yọ jáde lójú ibẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà kò kọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, síbẹ̀ òun ni apá tí ó dára jù nínú iṣẹ́ wọn.

Àbùkù ńlá eré náà ń bẹ lẹ́yìn èyí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Ragnaros a jí. Iná rẹ̀ ń jó bí ẹni pé kò sẹ́ni tí ó wá rí. Àwọn tí ó kú lójú ogun náà a ti jí, wọn a tún ìhámọ́ra wọn ṣe, wọn a sì padà lọ. Kò sí ìlú tí ó rán wọn níṣẹ́ tí yóò yàtọ̀ nítorí pé wọ́n lọ. Nínú ìwé Fágúnwà, ọba ni ó rán àwọn ọdẹ, nítorí ire ìlú. Ohun tí ó sì yani lẹ́nu jù ni pé ní òpin ọ̀nà náà, kì í ṣe iwin ni ó ń dúró dè wọ́n. Ìrágbèje ni, ẹni tí ń gbé inú ilé oníyàrá méje, ó sì fi ọjọ́ méje kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́. Kùmọ̀ Kàkó ni ó lànà, ṣùgbọ́n etí ni wọ́n fi gba ohun tí wọ́n wá gbà. Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ìtàn tí kò ní ilé, oko ni yóò máa ro títí.

Òdodo kò ní jẹ́ kí a fi ẹ̀sùn náà sílẹ̀ báyìí. Ibì kan wà tí eré náà ti rántí ilé. Bí ẹgbẹ́ bá pa Onyxia, dírágónì ńlá nì, wọ́n lè gbé orí rẹ̀ wá sí ìlú. A ó fi í kọ́ sí gbangba, gbogbo ẹni tí ó bá wà nínú ìlú ní àkókò náà, àti ẹni tí kò mọ bí a ti ń di idà mú, yóò gba agbára fún wákàtí méjì. Ẹni tí ó ṣe èyí mọ ohun tí àbọ̀ ogun jẹ́. Ó ṣeni láàánú pé wákàtí méjì náà kò pẹ́ lọ títí.

Ẹ̀rí kejì ti ìta eré wá. Ní Nọ́wè, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Mats Steen, tí àrùn kan ń jẹ iṣan ara rẹ̀ tán díẹ̀díẹ̀. Orí àga oníkẹ̀kẹ́ ni ó ń gbé, ọ̀pọ̀ wákàtí ni ó sì ń lò nínú World of Warcraft, níbi tí ó ti ń jẹ́ Ibelin, tí ó sì wà nínú ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Starlight. Ó kú ní ọdún 2014, ní ọmọ ọdún 25. Àwọn òbí rẹ̀ ń ṣọ̀fọ̀ pé ó lọ láìní ọ̀rẹ́. Bàbá rẹ̀ kéde ikú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé ìbánikẹ́dùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti orílẹ̀-èdè púpọ̀. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ náà wá sin ín. Ní ọdún 2024, Benjamin Ree fi ìtàn náà ṣe sinimá tí gbogbo ayé wò. Ẹgbẹ́ yẹn kì í ṣe ti ogun nìkan. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Bóyá ìdí nìyí tí Olóhùn-iyọ̀ fi rí àyè láàárín wọn.

Ìdájọ́ wo ni kí a wá ṣe? Ẹni tí ó mọ ìjálá kì í gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan lé òṣùwọ̀n. Ó ń wo ẹni tí ń sun ún, àwọn tí ń gbè é, àti ìdí tí wọ́n fi péjọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a ka eré yìí. Bí ìtàn, ó pé ní ìmúra, ó pé ní ìjà, ó ṣe aláìní àbọ̀. Bí ìpàdé àwọn ènìyàn, ó lè ní àbọ̀ tí àwọn tí ó ṣe é kò kọ sínú rẹ̀. Ìmọ̀ràn olùkọ́ fún ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ pé kí ó jáwọ́ lásán, bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn ọmọ kò gbọdọ̀ jẹ́ Fágúnwà lásán. Ọ̀nà kan wà tí àwọn méjèèjì lè gbà mọ òtítọ́. Ní òru ọjọ́ tí iná bá kú lójijì ní Adó, tí jagunjagun kan sì dákẹ́ láàárín ìjà, àwọn mọ́kàndínlógójì yòókù yóò ṣubú. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹnìkan nínú wọn béèrè pé kí ni ó ṣe é, kí ó máa bá wọn lọ. Ó ti ní ilé níbẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé máàkì rẹ̀ nìkan ni wọ́n yọ, ìkógun ni ó ń bá wọn kó.