Àbúrò Amí

Ní ọdún 1967, nígbà tí orúkọ Sean Connery ti kàn káàkiri ayé nítorí fíìmù James Bond, àwọn ará Ítálì kan tí kò rí ẹ̀gbọ́n lò lọ mú àbúrò. Neil ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ rírẹ́ ògiri ilé ló ń ṣe ní Edinburgh, kì í ṣe òṣèré. Alberto De Martino darí fíìmù náà, wọ́n sì pè é ní OK Connery.

Ẹ gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀ ná. Àbúrò yìí di dókítà tó ń fi iṣẹ́ abẹ tún ojú ènìyàn ṣe. Ó ń fi ojú mú ènìyàn sùn. Ó ń wo ètè mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lókèèrè. Ní Mòrókò, àwọn afọ́jú ń hun kápẹ́ẹ̀tì tí ìtànṣán olóró wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ọ̀tá sì dá ìbọn gbogbo dúró, ọfà ni wọ́n fi jà! (Bàbá ìyá mi yóò ní òun ti sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́.)

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò ó láti fi í ṣẹ̀sín. N kò bá wọn lọ. Bernard Lee àti Lois Maxwell, tí a mọ̀ ní ọ́fíìsì Bond, wà níbẹ̀. Adolfo Celi, ọ̀tá inú Thunderball, wà níbẹ̀. Daniela Bianchi náà wá. Ó dà bí ìgbéyàwó tí gbogbo ẹbí péjọ sí, tí ọkọ ìyàwó kò yọjú. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ rẹ̀. Ennio Morricone àti Bruno Nicolai kọ orin sí i bí ẹni pé fíìmù ńlá ni.

Ohun tó dùn mí ni ohùn Neil. Ẹlòmíràn ló sọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Wọ́n fi orúkọ ẹ̀gbọ́n tà á, wọ́n tún gba ohùn rẹ̀. Èmi tí wọ́n ń pè ní “àbúrò Lágbájá” láti JSS1 kò lè fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Ibi tí kò ti sọ̀rọ̀ ló ti dára jù: ó dúró pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ̀ bí ẹni tí iṣẹ́ agbára ti mọ́ lára, kò ṣe fọ́rífọ́rí. Bí mo bá dé irú ibẹ̀, mo máa ń pa ohùn fóònù mi kí n lè wo òun fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orin Morricone á bá a lọ.