Ẹni Tó Ń Kó Òṣìṣẹ́ Wọ Oko Kòkó Ìdànrè

Bí wọ́n bá ń yin kòkó Ìdànrè, olóko àti oníṣòwò ni wọ́n máa ń dárúkọ. Èmi fẹ́ kí kọngílá òṣìṣẹ́. Òun ló ń lọ sí ilẹ̀ Ẹ̀bìrà àti ilẹ̀ àwọn Igede ní Ìpínlẹ̀ Benue, tó ń bá òbí sọ̀rọ̀, tó ń kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wá. Olóko á fún wọn ní abà àti oúnjẹ; ó di ìgbà tí wọ́n bá ta kòkó kí owó ọlọ́dún tó jáde. Ọdún gbáko, lórí àdéhùn ẹnu! Ẹni tí tọ̀tún-tòsì fọkàn tán nìkan ló lè ṣe é.

Mo wo ọ̀kan nínú wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Aládé, ní Ìdànrè. Ó ń fi àtàǹpàkò kan ẹnu àdá àwọn òṣìṣẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tuntun kan, ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síta: ó ti bó. Kò jágbe mọ́ ọn. Ó gba àdá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó máa bá wọn ṣa kòkó jọ, ó sì pe ẹlòmíràn láti abà. Kí olóko tó dé, wọ́n ti roko dé etí odò.