Èwo Ni Ká Kọ́kọ́ Fi Lé Ọ̀pẹ Lọ́wọ́? Lámèyítọ́ Lórí Géèmù Ogun Ó-Kàn-Ọ́-Ó-Kàn-Mí

Ọ̀mọ̀wé kan tí a jọ ń kọ lámèyítọ́ lórí eré ṣíṣe, tí mo sì bọ̀wọ̀ fún, sọ láìpẹ́ yìí pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ géèmù ogun tí a ń fi ọgbọ́n ṣe, irú èyí tí a ń ta ní ó-kàn-ọ́-ó-kàn-mí, tí àwọn jagunjagun inú rẹ̀ ní orúkọ, tí wọ́n sì ń dàgbà nínú iṣẹ́ wọn, Final Fantasy Tactics ni kí á kọ́kọ́ gbé fún un, torí òun ló dára jù. Mi ò bá a jiyàn pé ó dára. Ìdí tó fi lélẹ̀ ni mo kọ̀. Ta ló máa ń fa ọ̀pẹ lọ síwájú ọ̀ta lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọmọ ayò, tí yóò wá sọ fún un pé ibẹ̀ ni adùn wà? Ọ̀pẹ yóò jẹ ìyà, kò ní mọ ohun tó jẹ ẹ́ níyà, yóò sì dìde lọ. Báyìí ni a ti ṣe lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nídìí ẹ̀yà géèmù tí mo fẹ́ràn jù láyé yìí.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tí ẹ̀yà náà jẹ́, nítorí àwọn tó ń kọ̀wé lórí rẹ̀ nílẹ̀ wa máa ń ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni pé ará ibòmíràn nìkan ló lè lóye rẹ̀. Ẹni tó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938 ti mọ egungun rẹ̀. Àkàrà-oògùn, akọni inú ìwé náà, kò dá lọ sí Òkè Láńgbòdó. Kàkó wà níbẹ̀ pẹ̀lú kùmọ̀ rẹ̀, Èfòíyẹ̀ jẹ́ tafàtafà, Ìmọ̀dòye ní ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ní orin, Ẹlẹ́gbẹ́dé-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko. Kò sí ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ ẹnìkejì rẹ̀. Bí ewu bá yọ, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ta ni kó bọ́ síwájú. Géèmù tí à ń sọ yìí fi ìbéèrè kan kún un: orí ilẹ̀ wo ni kó dúró sí?

Ní Abúlé Ẹ̀gbá tí mò ń gbé, láti ẹsẹ̀ afárá tí wọ́n ṣí ní 2017 títí wọ ojú ọ̀nà Ekoro, ilé géèmù kò wọ́n. PlayStation ló wà níbẹ̀, bọ́ọ̀lù sì ni wọ́n ń gbá lórí rẹ̀: FIFA, tó ti di EA Sports FC láti 2023, àti PES, tó di eFootball. Ẹlẹgbẹ́ mi yìí kan náà ti kọ ọ́ rí pé àwọn ọ̀dọ́ agbègbè yìí kò mọ géèmù ogun nítorí pé wọn kò ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé ọkàn. Ọmọ tó lè jókòó ti pátákó dráàfù láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú, tí kò ní sún ọmọ kan láìwo ibi mẹ́ta tó lè já sí, òun ni kò ní sùúrù? Ọ̀nà tí ilé géèmù ń gbà pawó ló fa ọ̀rọ̀ náà. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ni oníbàárà ń sanwó fún, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ẹlòmíràn ti tò sẹ́yìn. Ojú ogun kan ṣoṣo nínú géèmù tí mò ń sọ lè gba wákàtí kan tàbí méjì, ogun náà sì ń bá a lọ di ọ̀la àti ọ̀túnla. Kò sí onílé géèmù tó máa tajà bẹ́ẹ̀ tí yóò rí owó epo jẹnẹrétọ̀ san. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní láti ní ẹ̀rọ tirẹ̀, ẹ̀rọ tí apá àwọn ènìyàn wa sì ká ni láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ láti Computer Village ní Ìkẹjà. Èyíkéyìí ìmọ̀ràn tí kò bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, àwọn ará Lẹ́kí ni ó ń bá sọ̀rọ̀.

Ó yá, ká padà sórí Final Fantasy Tactics. Yasumi Matsuno ló darí rẹ̀, ilé iṣẹ́ Square sì gbé e jáde fún PlayStation ní 1997. Ìtàn Ramza ọmọ ọlọ́lá àti Delita ọmọ tálákà, tí wọ́n jọ dàgbà tí ogun àti ìṣèlú sì là wọ́n níyà, jẹ́ ọ̀kan nínú ìtàn tó jinlẹ̀ jù tí géèmù tí ì sọ. Nǹkan bí ogún iṣẹ́ ni jagunjagun lè kọ́ níbẹ̀, ó sì lè gbé ọgbọ́n ti ọ̀kan wọ inú òmíràn. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ tí a bí jagunjagun sí wà nínú ìṣirò: bí ìràwọ̀ ẹni tó ń lù àti ti ẹni tí wọ́n ń lù bá bára mu tàbí tí wọn kò bára mu, agbára ìlù náà yóò pọ̀ sí i tàbí dín kù. Ìgbàgbọ́ tí jagunjagun ní tún wà nínú agbára idán tó bá pa àti èyí tí wọ́n bá pa fún un. Ọ̀pẹ kò mọ ìwọ̀nyí. Ó fi idán kan lu ọ̀tá, kò ràn án. Ó fi í lu ọ̀tá kejì tó jọ ti àkọ́kọ́ lójú rẹ̀, ó ràn án. Kí ni ó rí kọ́?

Èyí tó burú jù ni ilé olódi Riovanes. Níbẹ̀ ni Ramza nìkan ti gbọ́dọ̀ kojú ọ̀tá rẹ̀ Wiegraf, lójúkojú, láìsí ọ̀rẹ́ kan lẹ́yìn rẹ̀. Láàárín ìjà kan sí èkejì nínú ilé náà, géèmù ń bi ẹ́ bóyá o fẹ́ fi eré pamọ́. Nínú ẹ̀dà 1997, bí ọ̀pẹ bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, tó sì jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ló ń fi pamọ́ sí, kò lè jáde mọ́ láti lọ tún Ramza kọ́. Bí Ramza rẹ̀ kò bá lágbára tó, gbogbo wákàtí tó ti lò láti ìbẹ̀rẹ̀ ti wọmi nìyẹn. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gbóǹtarìgì ń fi ìjà yìí yangàn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yangàn, kí wọ́n má fi lé ọ̀pẹ lọ́wọ́.

Èyí tí èmi ń fi lé ọ̀pẹ lọ́wọ́ ni The Battle for Wesnoth. David White ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2003, àwọn ènìyàn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ sì ti ń tún un ṣe láti ìgbà náà láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń ta á. Ọ̀fẹ́ ni. Bí a bá ti fi dátà gbé e wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìtàn ogun inú rẹ̀ kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́, láptọ́ọ̀pù tó ti gbó sì lè gbé e. Ó tún ń fi eré pamọ́ fúnra rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìyípo kọ̀ọ̀kan, débi pé bí wọ́n bá mú iná lọ tí bátìrì sì kú, ìyípo kan péré lo pàdánù. Àwọn onílámèyítọ́ kì í dárúkọ rẹ̀. Nítorí pé a kò tà á, wọ́n rò pé kò níye lórí, wọ́n sì ń lọ gbóríyìn fún ohun tí ẹni tó ń ka ìwé wọn kò ní lówó rà láé. Ìwà yìí kò tọ́ sí ọ̀mọ̀wé.

Ẹ wo bí Wesnoth ṣe ń lo ọ̀sán àti òru. Ìgbà mẹ́fà ló pín ọjọ́ sí: ìdájí, àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, àti ìṣọ́ òru méjì. Àwọn ọmọ ogun ọba ń fi ìdá 25 nínú 100 lágbára sí i ní àárọ̀ àti ọ̀sán, wọ́n sì ń pàdánù iye kan náà lóru. Àwọn òkú tó ń rìn àti àwọn ọ̀tá tí wọ́n ń pè ní orc, ìdàkejì ni tiwọn. Gbogbo èyí wà lójú kọ̀ǹpútà, àwòrán oòrùn tàbí òṣùpá ń fi hàn. Ẹ tún fi ilẹ̀ kún un. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ ogun, ẹni tó wà nínú odi, ìdá 40 nínú 100 ni àǹfààní pé ìlù yóò bà á. Ẹni tó wà nínú omi ẹsẹ̀ odò, ìdá 80 ni.

Nítorí náà, fojú inú wò ó pé o ní ọmọ ogun mẹ́ta tó gbé ọ̀kọ̀ létí odò nírọ̀lẹ́, orc márùn-ún sì ń bọ̀ láti òdìkejì. Ọ̀pẹ tí ara rẹ̀ yá yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ pàdé wọn, yóò wọ omi, òru yóò bá a níbẹ̀, wọn yóò sì pa á tán. Nígbà kejì yóò dúró létí bèbè. Àwọn orc ni yóò wọ omi, ọ̀kọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì kọ́kọ́ bà wọ́n kí tiwọn tó dé, nítorí pé ọlọ́kọ̀ ló ń kọ́kọ́ gún bí wọ́n tilẹ̀ kọlù ú. Nígbà kẹta ni yóò rí i pé ó sàn kí òun tilẹ̀ fà sẹ́yìn wọ abúlé, níbi tí ẹni tó fara gbọgbẹ́ ti ń rí ẹ̀mí 8 gbà padà ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, kí òun sì padà wá nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún un. Ìdí tó fi ṣubú wà níwájú rẹ̀ kedere, bí ọmọ ayò 48 ṣe wà nínú ihò méjìlá tí gbogbo olùwòran sì lè kà á.

Ẹ tún wo onídán kékeré. Aláìlera ni, ìlù díẹ̀ ló máa pa á. Ṣùgbọ́n bó bá dàgbà, ó lè di onídán funfun tó ń wo gbogbo ẹgbẹ́ sàn. Báwo ni yóò ṣe dàgbà? Bó bá bá ọ̀tá ipele kìíní jà lásán, ìrírí 1 ni yóò rí. Bó bá pa á, 8. Ìyẹn ni pé àwọn alágbára ní láti lu ọ̀tá títí yóò fi kù díẹ̀, kí wọ́n dá ọwọ́ dúró, kí onídán sì bọ́ síwájú wá parí rẹ̀, ní ibi tí ọ̀tá mìíràn ti lè nawọ́ kàn án lẹ́yìn náà. O fẹ́ fi ẹ̀mí rẹ̀ wewu kí ó lè dàgbà? Ó ní orúkọ, ó ní ìwà méjì tí a dá mọ́ ọn, bóyá ó yára, bóyá ọpọlọ rẹ̀ jí pépé. Bó bá yè, wúrà 20 ni o fi ń pè é wá sí ojú ogun tó kàn, pẹ̀lú gbogbo ìrírí rẹ̀. Bó bá kú, ó kú. Mo ti rí àgbàlagbà tó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ lórí ikú onídán tó ti tọ́ dàgbà, èmi kò sì mọ ẹ̀rí mìíràn tí iṣẹ́ ọnà nílò.

Àwọn alátakò mi ní ohùn kan ṣoṣo lórí Wesnoth: wọ́n ní oríire ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ibí ni ọ̀rọ̀ mi ti fẹ́ kọjá àyànfẹ́ ọ̀pẹ, nítorí ẹ̀sùn yìí kan òtítọ́. Nínú géèmù Fire Emblem ti 2003, èyí tó kọ́kọ́ jáde kúrò ní Japan láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ Intelligent Systems ti bẹ̀rẹ̀ àkójọ náà ní 1990, bí ojú ẹ̀rọ bá sọ pé àǹfààní rẹ jẹ́ ìdá 90, ìdá 98 ni ní tòótọ́. Nọ́ńbà méjì ni ẹ̀rọ ń mú lábẹ́lẹ̀, àárín wọn ló sì ń lò. Bó bá sọ pé 30, kò tó 20. Ó ń ṣe é kí inú ẹni tó ń ta á lè dùn. Ní Wesnoth, ilẹ̀ yòówù tí ọ̀tá dúró sí, onídán ní ìdá 70, ìdá 70 sì ni. Kó o tó kọlu ẹnikẹ́ni, o lè ṣí ojú ìwé tó máa fi gbogbo ọ̀nà tí ìjà náà lè gbà parí hàn ọ́. Lẹ́yìn ìjà, ó tún ń ṣírò bóyá oríire rẹ ju bó ṣe yẹ lọ tàbí kò tó o. Ẹni tí ẹ̀rọ ti ń tàn láti ọjọ́ pípẹ́ ni yóò rí òtítọ́ tí yóò pè é ní ìrẹ́jẹ.

Ẹlẹgbẹ́ mi tún mú ayò wá láti fi tì mí, ó ní eré ọgbọ́n kì í ní oríire nínú. Lóòótọ́, ayò kò ní in. Ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Amsterdam tilẹ̀ fi kọ̀ǹpútà ṣírò irú ayò tí wọ́n ń pè ní Awari dé òpin, wọ́n sì rí i pé bí ẹni méjèèjì kò bá ṣàṣìṣe, ọ̀mì ni. Ṣùgbọ́n ọmọ Abúlé Ẹ̀gbá kan náà tó ń ta dráàfù ń ta lúdò. Ó mọ bí a ṣe ń jókòó ti ewu, tí a ń wọ̀n ọ́n, tí a sì ń fi ọmọ mìíràn sílẹ̀ dè é. Ìyẹn pẹ̀lú ọgbọ́n ni, ogun sì nílò rẹ̀ ju èkíní lọ.

Àwọn kan á ní kí á fi ti Áfíríkà bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì dárúkọ Aurion: Legacy of the Kori-Odan tí Kiro'o Games ti Kamẹrúùnù gbé jáde ní 2016. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ti ń jà nínú rẹ̀, ìka tó yá ló ń borí. Bí a bá ń fi í fún ẹni tó béèrè ohun mìíràn, a kò ṣe òun tàbí Kiro'o lóore.

Fún ọ̀pẹ, nígbà náà: kó gbé Wesnoth, kó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A Tale of Two Brothers, ojú ogun mẹ́rin péré, ìtàn ọkùnrin kan tó ń wá arákùnrin rẹ̀ onídán tí wọ́n jí gbé. Kó má ṣe dá eré padà sẹ́yìn nígbàkigbà tí ọmọ ogun kan bá kú. Bí olórí bá ṣì wà láàyè, ogun ń lọ. The South Guard ló kàn, pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin Deoran. Kí ó fi Heir to the Throne sílẹ̀ ná, bí àwọn olóye tilẹ̀ ń pariwo rẹ̀. Bó bá rí Fire Emblem ti 2003 lọ́nà tó tọ́, apá Lyn tó wà níwájú rẹ̀ ń kọ́ni dáadáa, kó ṣáà rántí ohun tí mo sọ nípa nọ́ńbà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá lọ bá Ramza, kí ó sì rí i dájú pé ojú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òun ń fi eré pamọ́ sí kí òun tó wọ Riovanes.