Àmì Orí àti Àmì Ìsàlẹ̀: Àyẹ̀wò Ìwé Kíkọ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí Ohun Èlò

Bí àdá kan bá wà tí ẹni mẹ́wàá lò ó, tí ó sì dá egbò sí àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lọ́wọ́, kò sí àgbà tí yóò sọ pé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ náà ni kò dára. Èèkù àdá náà ni yóò yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ìwé kíkọ, a kì í ṣe ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. A ń rí i lójoojúmọ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn tí ó kàwé jinlẹ̀, ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i. Kíá ni a ó sì pè wọ́n ní ọ̀lẹ, tàbí ẹni tí kò ka èdè baba rẹ̀ sí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Síbẹ̀, bí gbogbo ìlú bá ń kọsẹ̀ lójú kan náà, ó tọ́ kí a wo ilẹ̀ ibẹ̀. Ohun tí àwa fẹ́ ṣe nìyí: láti yẹ ìwé kíkọ Yorùbá wò gẹ́gẹ́ bí ohun èlò tí a fi ọgbọ́n ṣe, kí a sọ ibi tí ó dára, kí a má sì fi ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó pamọ́.

Ìwé kíkọ wa kò hù bí koríko. Ènìyàn ni ó ronú rẹ̀. Kí lẹ́tà Róòmù tó fìdí múlẹ̀ láàárín wa, àwọn àlùfáà Mùsùlùmí kan ti ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ Yorùbá. Ní ọdún 1848, Henry Venn, Akọ̀wé Ẹgbẹ́ C.M.S. ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé ìlànà jáde lórí bí a ó ti máa fi lẹ́tà Róòmù kọ àwọn èdè tí a kò tíì kọ sílẹ̀ rí. Ní ọdún 1852 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Àjàyí Crowther mú gbòòrò sí i jáde. Ní ọdún 1855 sì ni ètò lẹ́tà ti Karl Richard Lepsius, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. A ṣe ìpàdé ní Èkó ní ọdún 1875 láti fẹnu kò lórí àkọtọ́. Nígbà tí ó sì di ọdún 1884, odindi Bíbélì ti wà ní Yorùbá.

Ìyìn ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Irinṣẹ́ tí ó dára kì í di ẹrù tí kò yẹ lé orí ẹni tí ń lò ó. Kò sí ohùn p bí ti Gẹ̀ẹ́sì nínú èdè wa. Nítorí náà àwọn baba wa fi p kan ṣoṣo dúró fún ohùn tí ì bá gba lẹ́tà méjì, k àti p. Bákan náà ni ẹ àti ọ. Wọn kò wá lẹ́tà àjèjì. Wọ́n mú e àti o tí ojú ti mọ̀, wọ́n sì fi àmì sí wọn nísàlẹ̀. Ọmọdé tí ó bá rí e àti ẹ yóò mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n, síbẹ̀ pé wọn kì í ṣe ẹnì kan náà. Ìrántí rọrùn báyìí, nítorí pé ohun tuntun dúró lórí ohun tí a ti mọ̀. Ní ti ohùn orí ọ̀rọ̀, mẹ́ta ni a ní; àmì méjì ni a sì ń lò, ọ̀kan fún òkè, ọ̀kan fún ìsàlẹ̀, tí a fi ti àárín sílẹ̀ láìní àmì. Iṣẹ́ ọwọ́ dín kù.

Ohun èlò yìí sì ṣeé tún ṣe. Nínú Bíbélì àtijọ́, àmì wíwọ́ kan wà lórí fáwẹ̀lì tí a fà gùn, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé õrùn ni a kọ fún èyí tí ń ràn ní ọ̀sán, õrùn náà sì ni fún èyí tí imú ń gbọ́. Àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí ní ọdún 1974 mú àmì náà kúrò. A wá ń kọ oòrùn àti òórùn, ojú sì rí ìyàtọ̀ tí etí ti ń gbọ́ tipẹ́. Títúnṣe yìí kò ba iṣẹ́ Crowther jẹ́. Ó mú un dúró ṣinṣin ni.

Àbùkù wo ni ó wá kù? Èkíní ni pé àìní àmì ní ìtumọ̀ méjì. Bí a bá rí ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì, ó lè jẹ́ pé ohùn àárín ni, ó sì lè jẹ́ pé ẹni tí ó kọ ọ́ ni kò fi àmì sí i. Kò sí ohun tí yóò sọ fún òǹkàwé èwo ni. Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìrìbọmi. A sọ ọmọ ní Òjó, akọ̀wé sì kọ Ojo. Bí a bá tẹ̀lé òfin àkọtọ́ láìyẹsẹ̀, ọmọ náà ti di ẹni tí ẹ̀rù tètè ń bà, nítorí ojo ni a ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Òjó gbajúmọ̀, a lè mọ̀ ọ́n; orúkọ tí ìlú kan péré ń jẹ́ ńkọ́? Orúkọ kò ní gbólóhùn tí yóò là á. Ó dá dúró lórí ìlà rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣí ìwé náà ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i kò ní rí ẹni tí yóò bi léèrè, ìtàn ẹbí kan yóò sì ti sọnù sọ́wọ́ wa.

Èkejì ni ibi tí a fi àmì sí. Ẹ fi tákàdá bo ìdajì ìsàlẹ̀ ìlà kan nínú ìwé títẹ̀, ẹ ó rí i pé ẹ ṣì lè ka púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ wá bo ìdajì òkè, ó di wàhálà. Òkè lẹ́tà ni ojú ti ń mọ lẹ́tà jù. Ìsàlẹ̀ ni àwa sì fi àmì tí ó ya ọ̀wọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára òwò sí. Nínú ìwé onílà tí ọmọ ilé-ìwé ń lò, ìlà a máa gbé àmì kékeré náà mì. Àǹfààní nìyí fún àwọn tí ń fa igi kékeré sísàlẹ̀ lẹ́tà dípò àmì róbótó. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kọ ẹ̀ ní láti kọ ara lẹ́tà, kí ó sọ̀ kalẹ̀ lọ fi àmì kan, kí ó tún gòkè lọ fi òmíràn. Ìṣòro náà bá wa dé inú kọ̀ǹpútà: nínú ètò Unicode, ẹ ní ààyè tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní; àfi kí a so lẹ́tà àti àmì pọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù, inú ọkàn ni ó sì wà. Ẹni tí ń kọ̀wé ti mọ ohun tí ó fẹ́ sọ. Bí ó bá kọ owo, owó ni ó ń gbọ́ nínú ara rẹ̀. Kò lè gbọ́ òwò, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbọ́ ọ̀wọ̀. Lẹ́tà ni ojú rẹ̀ ń wò, ọkàn rẹ̀ ni ó ń fi ohùn sí i. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, ìyà wà lọ́rùn òǹkàwé. Ẹni tí ó ṣe àṣìṣe kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí òǹkàwé ń kọsẹ̀. Ohun èlò tí kì í jẹ́ kí ẹni tí ó ṣì í lò mọ̀ pé òun ṣì í lò, àṣìṣe rẹ̀ kò lè tán.

Àwọn kan ń wí pé àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká yóò là á yé ni. Òtítọ́ ni fún ẹni tí ó ti gbọ́ Yorùbá láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tàbí èyí tí ó dàgbà sí Èkó nínú ilé tí a ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, inú ìwé ni yóò ti bá púpọ̀ nínú èdè náà pàdé. Òun ni ó nílò àmì jù. Òun náà ni a fi í dù. Àní ẹni tí ó gbọ́ èdè dáadáa, bí ó bá dúró níwájú ìjọ láti ka ẹ̀kọ́, yóò pe ọ̀rọ̀ jáde kí ojú rẹ̀ tó dé ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì ti kìlọ̀ fún àwọn ará Kọ́ríńtì nípa fèrè tí dídún rẹ̀ kò yé ológun.

Ní Orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn ènìyàn wa wà pẹ̀lú, ɛ àti ɔ ni àkọtọ́ wọn lò fún ẹ àti ọ. Odindi lẹ́tà ni. Kò sí ẹni tí yóò kọ ìdajì rẹ̀ tí yóò gbàgbé ìdajì, gẹ́gẹ́ bí a ti ń gbàgbé àmì ìsàlẹ̀. Ní ti èyí, àwa gbà pé tiwọn rọ ọwọ́ lọ́rùn ju tiwa lọ. Síbẹ̀ àwa kò dámọ̀ràn pé kí a ju tiwa nù. Ìwé tí a ti fi í tẹ̀ láti ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ pọ̀. Bí a bá yí lẹ́tà padà, àwọn ọmọ wa yóò di àlejò nínú ìwé àwọn baba wọn. Ìdájọ́ wa ni pé irinṣẹ́ náà dára fún ojú, ó ṣòro fún ọwọ́, kò sì ní ohun tí ń kìlọ̀ fún ọkàn. Ìkìlọ̀ náà ni àwa fúnra wa ní láti pèsè.

Kí olùkọ́ má ṣe kọ́ ọmọ ní lẹ́tà lónìí kí ó sún àmì di ọdún tí ń bọ̀. Ohun tí a bá kọ́ lẹ́yìn, bí ẹ̀ṣọ́ ni ó ń rí lójú ọmọ, ẹ̀ṣọ́ sì ni a kọ́kọ́ ń bọ́ sílẹ̀ nígbà tí a bá ń kánjú. Kí ẹni tí ó bá kọ̀wé fi í fún ẹni tí kò mọ ohun tí ó wà níbẹ̀, kí onítọ̀hún kà á sókè sí i létí; ibi tí ó bá ti kọsẹ̀, àmì ni ó ń bèèrè. Kí akọ̀wé ìjọ sì bèèrè lọ́wọ́ ìyá ọmọ bí a ti ń pe orúkọ kí ó tó kọ ọ́, kí ó fi àmì sí i, kí ó sì kà á padà fún un kí kálàmù tó kúrò lórí ìwé.