Àkùkọ Lábẹ́ Abíyá

Àkùkọ tó bá ti ń sún mọ́ oṣù 5 ni wèrè ń dé bá: á na ìyẹ́ ọrùn, á fi apá kan gbálẹ̀, á fò mọ́ni lójúgun. Àwa ọmọdé a sá, kò sí ohun tó tún ń kì í láyà ju ìyẹn lọ. Màmá wa àgbà kì í sá, wọn kì í sì í nà án. Wọ́n á dúró gbọnyin, wọ́n á rọra gbé e há abíyá, wọ́n á máa fi ọwọ́ kejì fọ́n àgbàdo fún àwọn yòókù. Ojú gbogbo àgbébọ̀ ló ń ṣe! (Mo rò pé ìyẹn ló ń dùn ún jù.) Tó bá ń jà, wọn ò ní sọ ọ́ kalẹ̀, ó dìgbà tí ọrùn rẹ̀ bá rọ̀.